Owó Ìlóṣòó

Bàbá bàbá mi, aláṣọ ni.
Ó ru ẹrù aṣọ dé Ọ̀wọ̀, ó rù ú dé Àkókó,
ó tà á láwìn, ó padà wá lẹ́yìn ìkórè,
ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè:
òṣómàálò kí n tó gbowó mi.
Kò jẹ́ jókòó. Ẹni bá jókòó, wọ́n á fún un lómi,
wọ́n á fún un níyán,
ọ̀rọ̀ owó á di ẹ̀rín.

Èmi náà rèé, obìnrin ọdún méjìlélọ́gọ́ta,
orúnkún ọ̀tún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́,
mo ń lóṣòó káàkiri Iléṣà
nítorí bẹ́ẹ̀dì méje ní Ìsọ̀nà.
Nínú ilé yẹn, a kì í lé ikú.
A kàn ń bẹ̀ ẹ́ kó rọra wọlé,
kó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Owó ni ìrọra. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín.
Oògùn inú ìgò kékeré, tó ń mú egungun dákẹ́ di àárọ̀,
owó ni. Epo jẹnẹrétọ̀, owó ni.
Ọṣẹ tí a fi ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mẹta lóru kan ṣoṣo.
Wọ́n ń kì wá ní ọmọ ẹlẹ́ní ẹwẹlẹ,
ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ti degbò kì í sùn lórí oríkì.

A gbé kóló sọ́dọ̀ àwọn onígbàjámọ̀ ní Ọ̀kèsà.
Nínú èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Kọ́lápọ̀:
ẹgbẹ̀rún méjì náírà ó lé irínwó,
bọ́tìnnì mẹ́ta,
eyín ọmọdé kan.
Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Mo kọ eyín náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, a ń ta bòsíkọ̀rọ̀,
aṣọ àwọn tó ti lọ, tí ọmọ wọn ní ká tà.
Obìnrin kan mú búláòsì, ó gbóòórùn rẹ̀,
ó ní, "Ìyá Ìpólé ló ni èyí."
Ó san ìlọ́po méjì, kò dúró gba ṣéńjì.

Lọ́jọ́ ìkówójọ, Alàgbà Fápohùndà dìde,
ó tún fìlà ṣe: "Ọ̀kẹ́ méjì ààbọ̀!"
Àtẹ́wọ́ rọ̀ bí òjò.
Oṣù kìíní, fóònù rẹ̀ ń dún, kò gbé e.
Oṣù kejì, wọ́n ní ó lọ sí Ìbàdàn.
Oṣù kẹta, mo ká ìró mi sókè,
mo lóṣòó sí fàráńdà rẹ̀ ní Ìmọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gbé àga wá. Mo kọ̀.
Ó gbómi wá. Mo kọ̀.
Ó wò mí títí, òun náà bá lóṣòó tì mí,
a jọ ń wo ewúrẹ́ aládùúgbò tó ń jẹ páálí.
Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ láti inú yàrá.
Kì í ṣe igbe. Ó dà bí ohùn ẹni
tó ń ka nǹkan tí kò lópin.
"Ó ti tó oṣù méjì," ni obìnrin náà wí,
"kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́.
Owó tó ṣèlérí fún yín ló fi ra oògùn tí ò ṣiṣẹ́."

Mo dìde. Orúnkún mi dún.
Bàbá bàbá mi, ǹjẹ́ ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà rí
láìgbowó?

Ní ọjọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì Jọláadé bá mi padà síbẹ̀
pẹ̀lú ìgò kékeré náà.
Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni Alàgbà lò
ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.
Kò dárúkọ gbèsè. Èmi náà ò dárúkọ rẹ̀.
Lálẹ́ ọjọ́ kan ló kàn bi mí pé
ta ló ń sanwó ìgò yìí.
Mo ní, "Onígbàjámọ̀, àti ọmọ kan tí eyín rẹ̀ yọ."
Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dùn ún.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ìyàwó rẹ̀ wá.
Ó tú etí ìró rẹ̀, ó ka ọ̀kẹ́ méjì ààbọ̀,
owó wẹ́wẹ́, owó tó ń rùn ẹja,
ó wá fi igba náírà lé e.
Mo ní, "Ìyá, ó lé."
Ó ní, "Kọ ìyẹn sọ́tọ̀.
Owó ìlóṣòó ni."